Káyé Kẹsàn-án tí Mo Fọ̀ Nù

Bantè, ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 1999

Mounirou, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kutọnu níbẹ̀? Ṣé ara aya rẹ le, ṣé oyún náà kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? A kí ọ kú ìnira iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, a kí ọ kú afẹ́fẹ́ òkun, a kí ọ kú gbogbo ọjọ́ tí a kò tíì fojú kan ara wa. Ọlọ́run tí ó mú ọ débẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yóò mú ọ wálé lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Aya mi Halimatou tí ó tọ́ ọ dàgbà ní kí n kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń jẹun alẹ́ tàbí kọfí nìkan ni o ṣì ń mu.

Ilé wà bí ilé ṣe ń wà. Òjò ọdún yìí pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ògiri yàrá tí o máa ń sùn sí ti wó láti apá ìlà-oòrùn, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi adìyẹ tó sàba, òun náà kò dìde, abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ la ti hú òun àti ẹyin rẹ̀ jáde. Iṣu ta dáadáa ní Bobè ṣùgbọ́n ọ̀nà bàjẹ́, ọkọ̀ kò lè wọlé, iṣu ń jẹrà lóko, ẹni tí iṣu rẹ̀ ń jẹrà kì í rán aṣọ, nítorí náà ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti di ibi tí Halimatou ń sá ata sí. Àáfà Uthman ṣì ń pe ìrun, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Gbogbo ìròyìn ilé nìyẹn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ni o ń retí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya.

Lẹ́tà rẹ tí Wahab elépo tó ń ná ọ̀nà Kutọnu mú wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá. O ní ilé iṣẹ́ yín ti kógbá wọlé, pé wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà wọn lọ pẹ̀lú ohun tí o kọ sínú rẹ̀, pé dísíkẹ́ẹ̀tì méjì tí o dà á kọ sí, tí o tọ́jú sábẹ́ ibùsùn, ti bàjẹ́, wọn kò ṣí mọ́. O ní kí n di ìwé káyé mọ́kànlá tí Àáfà Rachidi kọ sínú ọ̀rá, kí n kó wọn fún Wahab pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkàwé kékeré yẹn, pàápàá jù lọ káyé kẹsàn-án, nítorí pé aya rẹ yóò bímọ ní oṣù kìíní, o sì fẹ́ tún kà á kí o lè mọ ìyá tí ó bí ọ dáadáa kí ìwọ náà tó di bàbá. Wahab wá ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́, mo ní ẹrù kò tíì délẹ̀. Ó wá ní Jímọ́ọ̀ kejì, mo ní ibà ń ṣe mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó fẹ̀yìn ti agolo epo bẹntiróò rẹ̀, ó ní ṣé ẹrù ni Bàbá Télọ̀ ń dì ni àbí ìyàwó tuntun tí kò tíì kun àtíkè tán. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀la tí yóò tún wá, lẹ́tà yìí nìkan ni mo máa fún un.

Jẹ́ kí n tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí bí mo bá fi ibì kan sílẹ̀, o kò ní mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an.

O mọ̀ pé Àáfà Rachidi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Pira ni wọ́n gbé títí Ọlọ́run fi pè wọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ àwọn àgbà ní kíka Yorùbá ni wọ́n ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí sínú káyé, Bísímílà ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwọ pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta láyé ni Sétou ìyá rẹ kú. Èmi wà ní Nàìjíríà nígbà náà, mò ń ro oko kòkó fún ẹnì kan nítòsí Oǹdó, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni mo dé. Ìyá rẹ kò ya fọ́tò kankan rí. Ilé Àáfà ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn sí, ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn, inú káyé kẹsàn-án ló wà. Nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gbọ́, kí n béèrè. N kò béèrè rí.

Ní Iléyá èṣí o kó àwọn káyé náà lọ sí Kutọnu, o fi ọdún kan tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́, ní Iléyá ọdún yìí o dá wọn padà pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ọ̀gá rẹ òyìnbó fún ọ nígbà tó ń lọ sí ìlú rẹ̀. Mo rántí pé o jókòó lórí àga ìránṣọ mi, o tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ní òun kò mọ irú ìwé yẹn. Àáfà Uthman ní àlejò ni, pé ṣé a ti fún un lómi. O rẹ́rìn-ín, o wá fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé fún mi, o ní irú ìránṣọ kan ni a fi rán ìwé náà, irú mìíràn ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀, pé ìwọ yóò wá ohun tí yóò tú u, tí yóò sì tún un rán. O gbé ẹ̀rọ náà padà lọ, o fi àwọn káyé sílẹ̀ fún mi.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Wahab mú un dé. O kọ ọ́ sí mi pé o rí ohun tí ẹ ń pè ní lojisiẹ́lì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òun ló ń yí ìwé láti irú kan sí irú mìíràn, pé ẹni tó ṣe é ń fún gbogbo ayé ní ọ̀fẹ́. Mounirou, ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ránṣọ fún ogójì ọdún, ẹni tó bá rán ṣòkòtò fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, àna rẹ ni tàbí ó ní ohun tó ń wò lára rẹ. Mo bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀ kí n lè fi sínú àdúà, o ní o kò mọ̀ ọ́n, pé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ bí iyẹ̀fun ló ń gbé. Mo ní kí Halimatou dín àkàrà, mo fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéú lórúkọ rẹ̀, mo sọ fún Ọlọ́run pé Òun mọ ẹni tí mò ń wí.

Ohun kejì tí mo bi ọ́ tí o kò dáhùn ni ti àjákù. Kò sí télọ̀ tó tú agbádà tó sì fi rán bùbá tí kò ní rí àjákù aṣọ nílẹ̀. Níbo ni lojisiẹ́lì náà kó ti ìwé wa sí? Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé gbogbo ibi tí ó yẹ kí àmì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, àpótí kékeré tó ṣófo ló wà níbẹ̀, bí ihò bọ́tìnì tí kò ní bọ́tìnì. Mo ní ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà kọjá rèé. Mo ń fi ẹnu mi dí wọn bí mo ti ń kà á lọ, nítorí mo mọ bí Àáfà ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, n kò sì dá ọ lẹ́bi. O kọ ọ́ pé ìwé ti wà nínú ẹ̀rọ báyìí, ọkàn wa lè balẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí a ń ṣe sí tákàdá tí orúkọ Ọlọ́run wà lára rẹ̀ bí a bá ti dà á kọ sí ibòmíràn. A kì í fi sílẹ̀ kí ẹlẹ́pà fi wé ẹ̀pà. Mo ra ọ̀pá aṣọ funfun kan, mo wé káyé mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú rẹ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà, mo sin wọ́n, Àáfà Uthman sì ṣe àdúà sí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti ṣe fún àna mi ohun tí ó yẹ kí n ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀. O kọ́ mi pé ẹ̀rọ náà kò ní àyè púpọ̀, pé bí mo bá parí ìwé kan kí n pa á rẹ́. Ọmọ kéú ni mí. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọ̀wé sórí wàláà, o kì í kọ tuntun sórí èyí tó wà níbẹ̀, bí o bá ti mọ̀ ọ́n lórí, tí o kà á fún Àáfà láìkọsẹ̀, o fọ̀ ọ́, o sì mu omi rẹ̀. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn, pé bí mo bá ti parí rẹ̀, ìyẹn ni pé bí ó bá ti wà ní orí mi. Mo ka káyé àkọ́kọ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n, mo lọ kà á létí Àáfà Uthman, wọ́n fetí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ìkọsẹ̀ kankan. Mo tẹ ibi tí o fi hàn mí. Ẹ̀rọ náà fi Faransé béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rántí pé lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni Àáfà Uthman mọ̀, wọn kò lè ka tiwa, ìkọsẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, wọn kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Bí mo ti ń kọ́ wọn nìyẹn tí mo sì ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Káyé kẹsàn-án gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohùn mi kọ́kọ́ ń dá níbi kan, Àáfà Uthman ní kí n padà sílé, pé ọkùnrin tó ń sunkún kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo padà sílé, mo ń kà á títí ohùn mi fi dúró. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, mo kà á tán gbọnrangandan, mo sì fọ̀ ọ́, ìgbéraga wà lọ́kàn mi. Káyé kẹwàá àti ìkọkànlá nìkan ló kù nínú ẹ̀rọ. Orúkọ àwọn tó dáwó páànù mọ́ṣáláṣí Pira ló wà nínú ọ̀kan, ọjọ́ tí òjò rọ̀ ló wà nínú èkejì.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé.

Mo gbé ọkọ́, mo lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo ti sọ fún ọ pé òjò pọ̀ lọ́dún yìí. Aṣọ funfun náà ti di àwọ̀ ilẹ̀, ikán ti gba àárín rẹ̀ kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti kan, wáyà tí wọ́n fi gán káyé ti dípẹtà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo rí tí a lè kà, Bísímílà ló wà lókè rẹ̀, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo tún bò wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì mo gun zémíjàn, alùpùpù akérò, mo gbé ẹ̀rọ náà dé Savalou. Ọkùnrin kan ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀, òun ló ń tẹ ìwé ìbéèrè fún àwọn tó fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò títí, òun àti àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń fi èdè Máhì sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní ohun tí mo ti pa rẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo bi í pé ibo ni omi rẹ̀ wà. Kò yé e. Mo ṣàlàyé pé bí a bá fọ wàláà, omi máa ń jáde, ọ̀rọ̀ wà nínú omi náà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dà á nù, nítorí náà omi tí wọ́n fi fọ ti inú ẹ̀rọ yìí, ibo ló ń dà sí? Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, Bàbá, kò sí omi. Mo bi í bóyá lojisiẹ́lì ọ̀fẹ́ náà lè tún un rán. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé irú ìwé tó lè tú, tó sì lè tún rán, pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ la máa ń kó fún télọ̀, a kì í kó òfìfo fún un. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tún sìn mí dé ibi tí zémíjàn wà.

Mo wá sọ fún ara mi pé orí mi ṣì wà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kọ ohun tí mo kọ́ sórí jáde. Káyé kìíní dé ìkẹjọ ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ibì kan bá fò, n kò mọ̀, ìwọ náà kò ní mọ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti ìkẹsàn-án ni wàhálà.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bí mo bá kà á, ohun tí ó ń wí ni pé ní ọjọ́ kọkànlélógójì Sétou ní kí wọ́n má ṣe ránṣẹ́ pè mí, pé owó tí mo lọ wá ni ọmọ yóò fi dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ó ń wí ni pé Sétou ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó béèrè bóyá wọ́n ti rí ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà Oǹdó, pé Àáfà dá a lóhùn pé àwọn ti rí i, wọn kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ohùn Àáfà Rachidi ni méjèèjì. N kò kọsẹ̀ nínú ọ̀kankan. Èyí tí mò ń kà ní òwúrọ̀ máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kà ní ìrọ̀lẹ́ náà lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lè gé aṣọ tó bá ẹ̀bi rẹ̀ mu. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ fún ọ. N kò lè yan ọ̀kan fún ọ.

Ohun kan wà tí kì í yí padà, ì báà ṣe òwúrọ̀, ì báà ṣe ìrọ̀lẹ́. Àáfà kọ ọ́ pé ọmú òsì nìkan ni o máa ń mu. Bí wọ́n bá gbé ọ sí ọ̀tún, wàá ké títí ojú rẹ yóò fi dúdú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ìrora rẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ òsì náà ló sì ń fi dùbúlẹ̀ kí o lè rí mu, bí wọ́n bá ní kó yí padà kó sinmi, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yó ná. Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ sọ fún Àáfà pé àmì ẹní ti tẹ̀ sí apá òsì rẹ̀ láti èjìká dé ìgúnpá. Ìyẹn dá mi lójú. Mo fi lé ọ lọ́wọ́.

Nípa owó, mo mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ báyìí, ṣùgbọ́n bí o bá rí díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi ra káyé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta, báírò àti kẹrosíìnì, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù yóò ra oògùn ojú fún mi. Má ra ẹ̀rọ mìíràn fún mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, wá jókòó tì mí fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, kí n kà á létí rẹ, bóyá ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ yóò rántí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òǹgbẹ gbẹ mí níbi tí mo ti ń kọ̀wé, mo pe Halimatou pé kó bu omi wá, Sétou ni mo pè é. Ó dáhùn. Ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó dúró títí mo fi mu ún tán, ó gba igbá lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó ti jáde tán ni ohun tí mo sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Kò yà á lẹ́nu, Mounirou. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run sọ aya rẹ kalẹ̀ ní ẹ̀rọ̀, kí ó má fi ọ̀kan gba ìkejì. Kí ó fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní lé ọ jìnnà sí ilé rẹ. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ sí ibì kan ní oṣù kìíní, iye yòówù tí wọ́n ní àwọn yóò san, má lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Boukari, télọ̀